Ìyáàfin Oyèlẹ́yẹ Rìn Lókè Àwọsánmà

Ọmọ méjì ni Ìyáàfin Bernice Oyèlẹ́yẹ bí, àwọn méjèèjì sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n fẹ́ gba ilé rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Obed, àkọ́bí, ń ṣiṣẹ́ ní báńkì l'Ékòó. Peace, àbúrò rẹ̀, jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Niu Silandi, orílẹ̀-èdè tó jìnnà sí Ìlá-Ọ̀ràngún tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí àwa bá ń jẹ oúnjẹ alẹ́ níbí, àwọn ti ń fọ àwo oúnjẹ àárọ̀ ọjọ́ kejì lọ́hùn-ún.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ kò tóbi. Ní àkókò òjò tó kọjá, ẹsẹ̀ ìyá yọ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé, ọrùn ẹsẹ̀ òsì sì rọ́. Ó san. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí ó bá jókòó pẹ́ jù, ẹsẹ̀ méjèèjì a máa wú. Àwọn ọmọ gbọ́, wọ́n sì ṣe ìpàdé lórí fóònù láìpe ẹni tí ìpàdé dá lé lórí. Wọ́n fẹnu kò pé ilé alájà tí bàbá wọn, olóògbé Alfred Oyèlẹ́yẹ, kọ́ sí ojú ọ̀nà Òke-Ìlá ti tóbi ju obìnrin kan ṣoṣo lọ. Pé kí ìyá kó lọ sọ́dọ̀ Obed l'Ékòó. Àti pé Obed ti rí ẹni tí yóò háyà ilé náà, tí yóò fi ṣe ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi.

Ìyáàfin Oyèlẹ́yẹ kò bá wọn jà. Obìnrin tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ girama mọ̀ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ pariwo ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀ nù. Ó jẹ́ kí wọ́n sọ tẹnu wọn tán lórí fóònù.

"Ṣé ẹsẹ̀ mi ni gbogbo ẹjọ́ yìí?" ó bi wọ́n.

"Ẹsẹ̀ yín ni, Mọ́mì," Obed dáhùn.

"Ó dára. Ẹ wá bí a ó ṣe dán an wò. Mi ò ní torí ohun tí ẹnikẹ́ni rò kúrò nínú ilé tí mo sin ọkọ mi sí."

Peace rẹ́rìn-ín láti ọ̀nà jíjìn. Bí ó bá gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ìrìn ẹsẹ̀ ni eré rẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ló kó o ràn án. "Mọ́mì, bí ẹ bá lè bá mi rin Ọ̀nà Etíkun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èmi fúnra mi ni màá sọ fún Bùọ̀dá Obed pé kí wọ́n jẹ́ kí ilé wà."

Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan tó gba inú igbó àti orí àpáta lẹ́bàá òkun ni ó ń sọ. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi ń rìn ín, pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, wọ́n a sì máa sùn sí ilé pákó tí ìjọba kọ́ sí ojú ọ̀nà. Mọ́tò kì í débẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi a máa já àwọn tó fẹ́ rìn ín sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, a sì padà. Ẹni tí ó bá ti bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni yóò gbé e jáde. Peace sọ ọ́ bí ìgbà tí a bá sọ fún ọmọdé pé bí ó bá lè gbé odó, a ó fún un ní ẹran.

"Dá ọjọ́ rẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí.

Ìgbájọ ni ó ti lọ kọ́ bí a ti ń gun òkè. Igbákejì rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ láyé ọjọ́sí, Ṣàkírátù Ajíbọ́lá, ti padà sí ìlú bàbá rẹ̀ lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, a sì mọ̀ pé kò sí ibi tí ènìyàn yíjú sí ní Ìgbájọ tí òkè kò ní kí i. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, Ìyáàfin Oyèlẹ́yẹ a wọ takisí láti Ìlá dé Ọ̀tan Ayégbajú, a sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, a sì fi ẹsẹ̀ rin èyí tó kù. Ṣàkírátù a ti dúró dè é ní ẹ̀yìn ìlú pẹ̀lú omi nínú ike. Lẹ́yìn náà ni àwọn méjèèjì a dojú kọ òkè.

"Ẹ̀yin ará Ìlá, ilẹ̀ pẹrẹsẹ lẹ mọ̀ ọ́n rìn," Ṣàkírátù a máa wí. "Pírínsípà, ṣé kí n pe ọlọ́kadà fún yín?"

"Pè é kí ó wá gbé ẹnu rẹ. Èmi àti ẹsẹ̀ mi á máa tẹ̀lé e bọ̀."

"Ẹ̀rù ẹnu mi ń ba yín ni?"

"Ẹ̀rù rẹ̀ kò bà mí. Ó kàn ń lo afẹ́fẹ́ tó yẹ kí àwa méjèèjì jọ fi gun òkè."

Nígbà tí ọyẹ́ fi máa ká ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀, Ìyáàfin Oyèlẹ́yẹ ti ń gun òkè náà pẹ̀lú báàgì tí iṣu wà nínú rẹ̀, kò sì dúró mí lójú ọ̀nà mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ le bí òpó. Ṣàkírátù ló kọ́kọ́ sọ ohun tí àwọn méjèèjì ti ń rò.

"Ẹsẹ̀ tó ń rìn kì í wú, Pírínsípà. Èyí tó jókòó ló ń wú. Ẹ ó jókòó láti Èkó dé Dóhà, ẹ ó tún jókòó láti Dóhà dé òpin ayé. Kí lẹ fẹ́ ṣe sí ìyẹn?"

"Màá rìn nínú ọkọ̀ òfurufú."

"Ẹ ó rìn lọ síbo? Ọ̀dọ̀ awakọ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹ̀rín. Ọjọ́ Àìkú ni ọkọ̀ òfurufú yóò balẹ̀; àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ ojú omi yóò gbéra. Peace sì ti là á mọ́lẹ̀ pé òun yóò fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun ìyá òun bí àwọn nọ́ọ̀sì ti ń ṣe. Bí ìka bá fi ihò sílẹ̀ nínú ẹran ara, kò sí ọkọ̀ ojú omi fún un, nítorí pé òun kò ní mú ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú wọ inú igbó tí mọ́tò kì í dé. Nítorí náà, òkè kọ́ ni yóò dá ẹjọ́ ilé ojú ọ̀nà Òke-Ìlá. Àga ni.

Àwọn ènìyàn wa kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ikùn òfìfo rin ìrìn àjò. Ìyàwó Jóṣúà, àbúrò ọkùnrin Ìyáàfin Oyèlẹ́yẹ, gún iyán lówùúrọ̀ ọjọ́ ìlọ, ó sì jókòó tì í títí àwo fi mọ́. Àwọn ìyá ìjọ gbàdúrà fún ẹsẹ̀ náà, ọ̀tún àti òsì, wọ́n pè é ní orúkọ. Jóṣúà wa ọkọ̀ gbé e dé Èkó. Bí ó ti wọ inú ọkọ̀ òfurufú, ètò rẹ̀ ti pé lọ́kàn: yóò máa dìde lóòrèkóòrè, yóò máa rìn, yóò máa mu omi.

Àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni wọ́n fún un. Ọkùnrin arúgbó kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun ti jókòó sí àga tó sún mọ́ ọ̀nà. Ọkùnrin náà dìde kí ó lè wọlé. Ó mi orí sí i, ó kọjá, ó jókòó, kò sì sọ nǹkan kan. Lójú tirẹ̀, inú ọkọ̀ òfurufú kì í ṣe ilé ẹnikẹ́ni. Ibi tí olúkúlùkù ti ń wo iwájú ni, tí ẹnikẹ́ni kì í kí ẹnikẹ́ni. Kí ilẹ̀ tó kúrò lábẹ́ wọn, bàbá náà ti na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ó fa aṣọ ìbora dé orí, ó sì ti sùn.

Nígbà tí àkókò ìdìde àkọ́kọ́ tó, Ìyáàfin Oyèlẹ́yẹ wo ẹsẹ̀ náà. Wọ́n gùn. Wọ́n dí gbogbo ọ̀nà àbájáde bí igi tó wó sójú pópó. Nínú ilé tí a ti tọ́ ọ, a kì í jí àgbà tó ń sùn bí kò ṣe pé ilé ń jó. A kì í sì í ré ẹsẹ̀ ènìyàn kọjá, àgàgà ẹsẹ̀ àgbàlagbà. Bí ọmọdé bá ṣèèṣì ṣe é, ìyá àgbà a ní kí ó padà gba ibi tó gbà kọjá. Oyè tí ó gbà ní yunifásítì kò bá ẹ̀kọ́ yìí jà rí. Ó tún jókòó dáadáa. Ó ní bàbá yóò jí láìpẹ́.

Bàbá kò jí. Wọ́n gbé oúnjẹ kọjá, kò jí. Nígbà tí ọmọbìnrin tó ń tọ́jú èrò gbé omi dé, Ìyáàfin Oyèlẹ́yẹ ní kò wù ú, nítorí ẹni tó bá mu omi yóò nílò ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì wà lódìkejì ẹsẹ̀ bàbá. Aṣálẹ̀ kọjá lábẹ́ wọn, ó pupa, kò lópin. Ó ń wò ó, ó sì ń gbọ́ bí bàtà rẹ̀ ti ń há mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ fi balẹ̀ ní Dóhà, bàtà tí ó ti bọ́ kò wọ ẹsẹ̀ mọ́.

Bàbá ṣí aṣọ kúrò lórí, ó nara, ó sì yíjú sí i. "Ẹ kú ìjókòó, Màmá," ó wí ní ojúlówó Yorùbá. "Ṣé ẹ ò dìde rárá ni?"

"Ẹ̀yin lẹ ń sùn, bàbá. Mi ò lè ré ẹsẹ̀ yín kọjá."

Bàbá wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló kó o sílẹ̀ síbẹ̀. "Kí ló dé tí ẹ ò jí mi?"

"Èmi? Kí n jí àgbàlagbà?"

"Níbo lẹ ti wá ná?"

"Ìlá-Ọ̀ràngún."

"Iresi ni tèmi." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, èjìká rẹ̀ sì ń mì. "Alájì Ṣéhù ni wọ́n ń pè mí. Akọ̀wé kóòtù ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ọ̀dọ̀ ọmọ mi ni mò ń lọ. Ẹ wọlé, ẹ ò kí mi. Mo ní bóyá òyìnbó aláwọ̀ dúdú kan ni. Ká ní ẹ kí mi ni, ọ̀rọ̀ ilé la ò bá fi gbogbo ọ̀nà sọ, n ò bá má fojú ba oorun rárá, ẹ ò bá sì máa kọjá bó ṣe wù yín."

Obìnrin tí odindi ilé ẹ̀kọ́ máa ń dìde kí lóròòwúrọ̀ wá di ẹni tí a ń kọ́ ní ìkíni. Ó dágbére fún Alájì Ṣéhù tìtẹríba-tìtẹríba, ó tẹ ẹ̀yìn bàtà mọ́lẹ̀, ó sì wọ́ ọ jáde bí ẹni wọ sálúbàtà.

Kò tíì jókòó tán nínú gbọ̀ngàn ìdúró nígbà tí ojú Peace yọ lórí fóònù.

"Mọ́mì, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ fi ẹsẹ̀ yín hàn mí."

Kò purọ́ fún ọmọ rí, kò sì ní bẹ̀rẹ̀ ní Dóhà. Ó dojú fóònù kọlẹ̀.

"Mọ́mì, ìyẹn pọ̀," Peace wí jẹ́jẹ́. "Èyí tó gùn jù sì ṣì wà níwájú. Ẹ jẹ́ n gba yàrá sí ilé ìtura kan níbí fún yín, ẹ ó sinmi níbẹ̀ títí màá fi rìn dé. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bùọ̀dá Obed tiẹ̀ ní ẹni tó fẹ́ háyà ilé yẹn ń bọ̀ wá wọn yàrá lọ́jọ́ Ajé."

"Ọjọ́ Ajé tí a máa wọ ọkọ̀ ojú omi?"

"Ẹ̀ẹ́n, Mọ́mì."

"Ọjọ́ Ajé kò tíì pé."

Ó pa fóònù. Ó ra omi, ó mu ún tán, ó tún ra òmíràn. Ó gbé ẹsẹ̀ lé orí báàgì rẹ̀ kí ó lè ga ju ìdí lọ, ó sì fi ara balẹ̀ ro ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó ń ṣe àtúnyẹ̀wò ìdánwò. Kò ní ré ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kọjá. Ìyẹn kò sí nínú ohun tí ó lè yí padà. Àṣà náà kọ́ ló dí i lọ́nà. Ìdajì rẹ̀ ló gbé rìnrìn àjò, ó sì fi ìdajì yòókù sílẹ̀ ní Ìlá. Àwọn tí kì í ré ẹsẹ̀ ènìyàn kọjá, àwọn náà ni kì í wọ agbo ilé láìkí ará ilé. Ẹni tó bá kí wọn, wọn yóò ká ẹsẹ̀ wọn fún un. Ohun tí ọmọ ọdún mẹ́ta mọ̀ ní Ìlá nìyí.

Nígbà tí wọ́n pe èrò ọkọ̀ kejì, ó wọlé bí ẹni tó ń wọ ilé àna. Àga rẹ̀ tún wà ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, lẹ́yìn ènìyàn méjì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó di nǹkan orin sí etí jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Obìnrin kan tó tó ẹgbẹ́ rẹ̀, tó ki òdòdó bọ irun, jókòó láàárín. Ìyáàfin Oyèlẹ́yẹ kò wọlé. Ó dúró lójú ọ̀nà, ó gbé báàgì sílẹ̀, ó sì kí wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ohùn rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó jókòó níwájú àti lẹ́yìn. Ó sọ orúkọ rẹ̀. Ó sọ ìlú rẹ̀. Ó béèrè àlàáfíà wọn, ó sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Lẹ́yìn náà ni ó wá sọ fún wọn pé òun ń lọ rin ìrìn kan tí ẹjọ́ ilé òun wà lórí rẹ̀, pé ẹsẹ̀ òun kò fẹ́ ìjókòó, àti pé níbi tí wọ́n ti bí òun, a kì í ré ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kọjá.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà yọ nǹkan kúrò ní etí. Ó ní fèrèsé gan-an ni òun ń fẹ́ láti ilẹ̀ kí òun lè rí ibi gbé orí lé sùn, ó sì dìde, ó fún un ní àga rẹ̀. Obìnrin àárín ní Litia ni orúkọ òun, pé Fiji ni òun ń padà sí, àti pé ní ọ̀dọ̀ tiwọn náà, ènìyàn kì í kọjá níwájú àgbà láìtọrọ àyè. Ó fa etí aṣọ rẹ̀ sókè díẹ̀, ó fi ọrùn ẹsẹ̀ tirẹ̀ han Ìyáàfin Oyèlẹ́yẹ. Ó ti ń wú.

"Ó yá, ká lọ," Ìyáàfin Oyèlẹ́yẹ sọ fún un, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń pe aládùúgbò lọ sí odò.

Bí iná tó ń ní kí èrò di ìgbànú ti kú, wọ́n dìde. Wọ́n rìn láti àárín ọkọ̀ dé ìdí, wọ́n yí, wọ́n padà. Ní ìdí ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń mú oúnjẹ gbóná, àyè kékeré kan wà tó tó ìyẹ̀wù. Níbẹ̀ ni ọmọkùnrin tó ń tọ́jú èrò ti pàdé wọn, tó rọ̀ wọ́n tìtẹríba pé kí wọ́n padà sí àga wọn. Ìyáàfin Oyèlẹ́yẹ ka orúkọ tó wà láyà rẹ̀, ó pè é ní orúkọ náà, ó sì béèrè bí ìyá rẹ̀ ti wà. Ẹni tí a bá béèrè ìyá rẹ̀ kì í lè ranjú mọ́ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọkùnrin náà ní ìyá òun wà, pé orúnkún ló ń dùn ún. Wọ́n sọ̀rọ̀ orúnkún díẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ó gbà pé wọ́n lè lo àyè náà, bí wọ́n bá ṣèlérí láti jókòó nígbàkígbà tí iná ìgbànú bá tàn. Fúnra rẹ̀ ni ó bu omi fún wọn.

"Wò mí," ó sọ fún Litia ní ìdí ọkọ̀. "Báyìí ni a ṣe ń gún iyán."

Ó di ọmọ odó tí kò sí níbẹ̀ mú. Ẹni tí kò gún iyán rí ló ń rò pé apá ni a fi ń gún un. Bí ọmọ odó bá ń lọ sókè, gìgísẹ̀ a kúrò nílẹ̀. Bí ó bá ń bọ̀, gìgísẹ̀ a padà, ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ a sì máa fún ẹ̀jẹ̀ sókè ní gbogbo ìgbà. Litia di tirẹ̀ mú. Wọ́n gún ti ará ilé. Wọ́n sinmi, wọ́n rìn lọ, wọ́n rìn bọ̀, wọ́n tún gún ti àna.

"Ó ti kúnná?" Litia bi í, ó ń mí gúlegúle.

"Kókó ṣì wà níbẹ̀. Ṣé ẹ fẹ́ kí àna wa sọ̀rọ̀ wa láìdáa ni?"

Àgbẹ̀ arúgbó kan tí orúnkún rẹ̀ le ti ń wò wọ́n láti ẹ̀yìn. Ó wá dúró tì wọ́n, ó béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe, wọ́n sì fún un ní ọmọ odó. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì tó wé gèlè dúdú tẹ̀lé e. Kí ọkọ̀ tó kọjá òkun ńlá, àwọn àgbàlagbà ti tò lẹ́yìn Ìyáàfin Oyèlẹ́yẹ ní ojú ọ̀nà tóóró náà, wọ́n ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lókè àwọsánmà. Níbikíbi tí wọ́n bá dé, àwọn tó na ẹsẹ̀ sójú ọ̀nà a máa ká a láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ wọ́n, nítorí pé obìnrin tó wà níwájú ń kí wọn bí ó ti ń kọjá. Bí iná ìgbànú bá tàn, olúkúlùkù a lọ jókòó. Bí ó bá kú, wọn yóò bojú wo àga rẹ̀ bóyá ó ti dìde.

Ó sùn pẹ̀lú, kì í ṣe irin. Ṣùgbọ́n ó sùn bí ẹni tó mọ̀ pé ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún òun.

Peace dúró ní ẹnu ọ̀nà àbájáde pápá ọkọ̀ òfurufú pẹ̀lú ojú ẹni tó ti múra láti tu ènìyàn nínú. Nígbà tí ó rí ìyá rẹ̀ tó ń bọ̀ pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn, orúnkún rẹ̀ méjèèjì lọ sílẹ̀ lójú gbogbo òyìnbó. Ọwọ́ rẹ̀ kan sì gba ìsàlẹ̀ lọ sí ojúgun ìyá.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn? O ń kí mi ni, àbí o ń yẹ̀ mí wò?"

"Méjèèjì, Mọ́mì. Ẹ káàbọ̀, Mọ́mì."

Ó tẹ ẹsẹ̀ òsì, ó ka iye kan sínú, ó gbé àtàǹpàkò kúrò. Ẹran ara padà sí ipò rẹ̀. Ó tẹ ọ̀tún. Kò sí ihò. Ó tún padà sí òsì, ó tẹ̀ ẹ́ le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Bí o bá fẹ́ kí ó wú, fi òkúta lù ú," ìyá rẹ̀ wí.

Litia ń kọjá lọ, ó gbé apá sókè, ó gún afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àgbẹ̀ arúgbó ṣe bákan náà. Peace gbójú sókè láti ilẹ̀ tó kúnlẹ̀ sí. "Mọ́mì, ta ni àwọn wọ̀nyí?"

"Ará àdúgbò mi. Dìde, a ní ẹrù láti dì."

Ọ̀sán ni níbẹ̀, ṣùgbọ́n ara ìyá gbà pé òru dúdú ni, bí ó ti rí ní Ìlá. Oorun ń fà á ní ìpéǹpéjú. Peace kìlọ̀ fún un pé bí ó bá sùn kí ilẹ̀ tó ṣú, yóò la ojú di àárọ̀. Ó béèrè ọkọ́. Ó ro gbogbo ẹ̀yìn ilé Peace nínú oòrùn tí kò mú, ó to ebè kan tí ọmọ náà kò béèrè, ó wẹ̀, ó jẹun, ó sì sùn nígbà tí àwọn ará ibẹ̀ ń sùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, òun ló jí Peace.

N kò ní sọ pé ọ̀nà náà rọrùn. Òjò pa wọ́n ní ọjọ́ kejì láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Odò kan wà tí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú là kọjá. Ní ilé pákó kan, àwọn ọ̀dọ́ tó ń bọ̀ láti ọ̀nà kejì bi Peace ní ohùn ìsàlẹ̀ bóyá ó dára kí ìyá náà tẹ̀síwájú, pé òkè kan wà níwájú tó ti lé ènìyàn padà. Ìyá náà gbọ́. Ó ti jẹ ẹ̀kọ rẹ̀ tán, ó ń nu abọ́.

Òkè náà ga lóòótọ́, ó sì ń yọ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń di gbòǹgbò igi mú ní àwọn ibòmíràn. Ìyáàfin Oyèlẹ́yẹ gùn ún bí ó ti mọ̀ ọ́n gùn, láìyára, láìdúró, ó ń gbé ẹsẹ̀ kékeré síwájú ẹsẹ̀ kékeré. Nígbà tí ó wẹ̀yìn, Peace wà nísàlẹ̀ gan-an, ó jókòó sórí òkúta. Bàtà tuntun tí ó rà nítorí ìrìn yìí ti bó o ní gìgísẹ̀.

Ìyá sọ̀ kalẹ̀ padà tọ̀ ọ́ lọ. Ó di gìgísẹ̀ náà fún un. "Gbé báàgì yẹn wá."

"Mọ́mì, ẹ má dójú tì mí."

"Ta ló ń wò wá? Igi? Gbé e wá."

Peace bọ́ báàgì. Ìyá gbé e kọ́ àyà, tirẹ̀ sì wà lẹ́yìn, bí obìnrin tó pọn ìbejì tó gbé ọ̀kan síwájú. Wọ́n jọ gun òkè náà. Ní téńté rẹ̀, òkun tẹ́ sílẹ̀ níwájú wọn láti ọ̀tún dé òsì, kò sí ilé, kò sí ọkọ̀, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ gèlè ìyá sẹ́yìn bí àsíá. Ó dúró pẹ̀lú báàgì méjì lára rẹ̀, ó wò ó títí ó fi tó o. Peace ló ń sunkún, ó ní afẹ́fẹ́ ni.

Ní òpin ọ̀nà, níbi tí òpó igi kan ti kéde fún ẹni tó ń rìn pé ó ti parí, fóònù tó ti kú láti ọjọ́ Ajé tún rí ohùn gbọ́. Kí wọ́n tó bọ́ ẹrù sílẹ̀, Obed ti ń pè. Peace gbé e.

"Bùọ̀dá Obed, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ bá ẹni yẹn sọ̀rọ̀ kí ó wá ilé mìíràn." Ó gbọ́ èsì rẹ̀. "Rárá, a dé òpin rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni. Rárá, ẹnikẹ́ni kò gbé Mọ́mì. Àwọn ló gbé báàgì mi." Ó tún gbọ́ díẹ̀. "Mo mọ̀ pé ó ti wá wọn yàrá. Ohun tí mo sọ ni mo sọ. Ọ̀rọ̀ ilé parí."

Ìyáàfin Oyèlẹ́yẹ na ọwọ́, Peace sì gbé fóònù lé e.

"Obed."

"Mọ́mì. Ẹ kú orí ire, Mọ́mì. Mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí màá sọ."

"Sọ ẹni tó fún àlejò ní kọ́kọ́rọ́ ilé mi."

"Èmi ni, Mọ́mì."

"Lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí o fún Jóṣúà kí n tó dé. Kí o sì wá sí Ìlá lọ́jọ́ Sátidé tí mo bá dé, ìwọ àti ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Yàrá yín wà níbẹ̀. Gbé bàtà tó le dání."

Ó dá fóònù padà fún ọmọ rẹ̀. Ó jókòó sórí iyanrìn, ó tú okùn bàtà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó sì na ẹsẹ̀ méjèèjì sínú oòrùn. Wọ́n rí tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n rí gbẹ. Ó wò wọ́n fún ìgbà díẹ̀ bí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ti ń wo akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó gba ẹ̀bùn. Lẹ́yìn náà ni ó dìde, ó gbé etí aṣọ sókè, ó sì rìn wọ inú omi.